YANRÌN KÒ GBỌDỌ̀ WỌ INÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ẹja tí à ń sìn nínú àpótí díńgí, àti lórí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ni èyí kàn mí?" Àwọn kan ń sin irú ẹja báyìí nítorí ẹwà rẹ̀, àwọn mìíràn ń sìn ín láti tà. Ẹni tí kò bá sì sin ẹja pàápàá yóò rí ọgbọ́n mú lọ sí ibòmíràn. Ìyà tí yanrìn fi ń jẹ ẹ̀rọ inú àpótí ẹja kò yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń jẹ ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú ẹnì kan rí.

1. Télọ̀ àti ẹja rẹ̀

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa. Àgbàlagbà ni. Ó ní àpótí díńgí kan ní igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹja kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí inú abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún. Télọ̀ ń jẹ́ kí wọ́n bímọ, ó sì ń ta àwọn ọmọ wọn. Owó ẹja yìí ni ó fi ń san owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn yanrìn. Òótọ́ ni. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, ó tọrọ yanrìn garawa kan. Kò fọ̀ ọ́. Ó dà á sínú àpótí, ó da omi lé e, ó sì tan ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Omi náà pọ́n bí omi àgbàrá. Télọ̀ ní, "Yóò tòrò."

Lóòótọ́, omi tòrò ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ó ń dún bí ẹni tí ń lọ ata lórí ọlọ. Télọ̀ kò kà á sí. Ní òru ọjọ́ kẹrin, iná mànàmáná lọ. Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀rọ kò dìde mọ́. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹja ti kó ẹnu jọ sí ojú omi, wọ́n ń wá èémí. Mọ́kànlá ni ó kú kí ó tó di ọ̀sán. Abo kan tí ó ń ṣọ́ ẹyin wà lára wọn.

Télọ̀ ra ẹ̀rọ titun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn náà kú. Inú bí i gidigidi. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọmọkùnrin kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ó bá a tú u. Ọmọ náà yọ abẹ̀bẹ̀ kékeré kan jáde nínú rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó."

Yanrìn ni. Kò ju wóró mẹ́fà lọ.

Télọ̀ ní, "Ṣé èyí náà ni ó pa ẹ̀rọ méjì fún mi?"

Ọmọ náà dáhùn pé, "Òun ni, sà. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Yanrìn ló wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀."

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bákan náà ni yanrìn ṣe ń wọ ẹ̀rọ. Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í pe onílé. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe lè dí ọ̀nà mọ́ ọn.

2. Ṣé kí a kúkú kó yanrìn dànù ni?

Rárá o. Ẹja tí télọ̀ ń sìn kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀ wà. Onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G. A. Boulenger ni ó kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1901. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Pelvicachromis pulcher. Àwọn tí ń tà á ní òkè òkun ń pè é ní kribensis. Kò ga, kò tóbi. Akọ rẹ̀ gùn tó bí ínṣì mẹ́rin, abo kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹja yìí kì í yé ẹyin sí ojú gbangba. Inú ihò ni ó ń yé e sí. Bí a bá da èèpo àgbọn dé sílẹ̀ nínú àpótí, takọtabo yóò máa fi ẹnu kó yanrìn abẹ́ rẹ̀ jáde títí ihò yóò fi gbà wọ́n. Ẹnu ni ọkọ́ wọn. Ẹja tí kò rí yanrìn kó kò lè tún ilé ṣe bí ó ti ń ṣe é nínú odò.

Nítorí náà, yanrìn dára ní ìsàlẹ̀ àpótí. Inú ẹ̀rọ ni kò dára fún.

Àpótí díńgí fún ẹja kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja kan fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí omi àpótí yóò fi máa mọ́ bí omi odò.

3. Bí ẹ̀rọ asẹ́ ti ń ṣiṣẹ́

Omi inú àpótí kì í ṣàn lọ. Ibẹ̀ ni ẹja ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó ń yàgbẹ́ sí. Oró kan ń jáde láti ara ẹja, láti inú ìgbẹ́ rẹ̀, àti láti inú oúnjẹ tí ó bá jẹ kù tí ó sì rà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní amóníà. Amóníà díẹ̀ ti tó láti pa ẹja.

Ẹ̀rọ asẹ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Iṣẹ́ kìíní: ó ń gba ìdọ̀tí mú. Ẹ rántí bí a ti ń sẹ́ ògì. Omi ògì ń kọjá, èèrí ń dúró sínú aṣọ. Fóòmù tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni aṣọ yìí. Ìdọ̀tí inú omi ni èèrí.

Iṣẹ́ kejì: inú fóòmù yìí ni àwọn kòkòrò tíntìntín kan ń gbé. Ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kòkòrò àrùn. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Wọ́n ń sọ amóníà di oró mìíràn, wọ́n sì tún ń sọ ìyẹn di ohun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní ibi. Ohun yìí ni a ń dà nù nígbà tí a bá pààrọ̀ omi. Àwọn kòkòrò náà ń mí. Bí omi kò bá kọjá lára wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Kí ni ó wá ń fa omi kọjá? Nínú ẹ̀rọ ni òòfà kan wà tí ó rí roboto bí ìka ọwọ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Abẹ̀bẹ̀ kékeré wà ní orí rẹ̀. Bí iná bá dé, òòfà yóò máa yí, abẹ̀bẹ̀ yóò sì máa ti omi. Bí iná ilẹ̀ wa ti rí, ọ̀pọ̀ nínú irú òòfà bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Àlàfo tí ó wà láàrin òòfà àti ihò tí ó ń yí nínú rẹ̀ kéré púpọ̀. Omi nìkan ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Omi yìí ni òróró rẹ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí ó yọ̀, òun náà ni ó ń tù ú.

Òkúta ni yanrìn. Bí ó ti wù kí ó kéré tó, òkúta ni. Ó le ju ike lọ. Ó le ju díńgí pàápàá lọ. Bí wóró kan bá bọ́ sí àlàfo yìí, yóò máa ha òòfà, yóò sì máa ha ihò. Ihò yóò fẹ̀ sí i, òòfà yóò máa gbọ̀n, ariwo yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wóró tí ó nípọn yóò há, abẹ̀bẹ̀ yóò dúró. Iná ṣì ń wọ inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lè yí mọ́. Gbígbóná ni yóò máa gbóná.

Ẹ óò béèrè pé, kí ló dé tí ẹ̀rọ télọ̀ fi kú nígbà tí iná padà dé? Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí, omi ń gbé yanrìn kọjá. Nígbà tí iná lọ, omi dúró, yanrìn sì rọra bọ́ sí ìsàlẹ̀ ihò. Nígbà tí iná dé, òòfà kò ní agbára tó láti ti yanrìn náà kúrò. Ó parí nìyẹn.

4. Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni yanrìn ń tètè pa. Ẹ wo oríṣi mẹ́rin yìí.

Èkíní ni èyí tí à ń fi kọ́ ẹ̀yìn àpótí. Abẹ̀bẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń kàn nínú ọ̀pọ̀ wọn, kí ó tó kan fóòmù. Bí yanrìn bá wọ ẹnu ọ̀pá rẹ̀, ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ ni ó ń lọ tààrà. Òun ni yanrìn ń tètè pa jù.

Èkejì ni èyí tí à ń rì sínú omi, tí fóòmù wà ní ẹnu rẹ̀. Omi ń kan fóòmù kí ó tó kan abẹ̀bẹ̀. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e jókòó sórí yanrìn, fóòmù rẹ̀ yóò tètè dí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó rí bí garawa tí a dé pa, tí à ń gbé sí abẹ́ tábìlì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fóòmù ni ó ṣáájú, abẹ̀bẹ̀ wà ní òkè. Yanrìn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ yanrìn lè kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ìkánjú tú u palẹ̀, wóró rẹ̀ lè bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹrin ni fóòmù onátẹ́gùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ìta omi tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú àpótí. Atẹ́gùn yìí ń hó lọ sókè nínú ọ̀pá kan, ó sì ń fa omi gba ara fóòmù. Kò sí òòfà, kò sí abẹ̀bẹ̀ kankan nínú omi. Kí ni yanrìn fẹ́ pa níbẹ̀? Kì í sì í fa ọmọ ẹja mì.

Bí ẹnì kan bá ní yanrìn nínú àpótí, tí ó sì fẹ́ kí ẹja òun bímọ, ẹ̀kẹrin yìí ni a ó sọ fún un pé kí ó rà. Ṣùgbọ́n kí ó gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn náà sí ibi tí ó ga ju ojú omi lọ. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀, tí iná sì lọ, omi lè gba inú rọ́bà padà wá bá a, kí ó sì bà á jẹ́.

5. Òfin mẹ́jọ fún ẹni tí ó ní yanrìn nínú àpótí

Òfin kìíní: Ẹ ṣa yanrìn yín dáadáa. Yanrìn odò ni ó dára fún ẹja odò. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ àti èèpo ìkarahun nínú. Ẹ má ṣe bu yanrìn tí ó wà nítòsí sìmẹ́ńtì. Ẹ fi ajọ̀ èlùbọ́ tí ẹ kò lò mọ́ jọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá gbẹ. Èyí tí ó bá gba ojú ajọ̀ kọjá ti kúnná jù, òun ni yóò máa fò kiri nínú omi. Ẹ dà á nù. Èyí tí ó kù sínú ajọ̀ ni kí ẹ lò. Kí wóró rẹ̀ rí bíi ti gàrí.

Òfin kejì: Ẹ dán an wò. Ẹ bu yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sínú àwo, kí ẹ kán fínígà lé e. Bí ẹ kò bá ní fínígà, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bí ó bá hó, èèpo ìkarahun tàbí òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀. Yóò máa yí omi padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lò ó fún ẹja odò wa yìí.

Òfin kẹta: Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ti ń fọ ìrẹsì. Ẹ bu díẹ̀ sínú garawa, kí ó má tó ìdajì. Ẹ da omi sí i, ẹ fi ọwọ́ rò ó, ẹ ka nǹkan bí ení, èjì títí dé ẹ̀wá, kí ẹ sì da omi náà nù. Yanrìn wúwo, ó ti lọ sílẹ̀. Ẹrẹ̀ fúyẹ́, òun ni ó ń bá omi jáde. Ẹ tún un ṣe títí ẹ ó fi lè rí yanrìn ní ìsàlẹ̀ garawa bí ẹni wo inú díńgí. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Oró ni ọṣẹ jẹ́ fún ẹja.

Òfin kẹrin: Ẹ má jẹ́ kí ó jìn jù. Ínṣì kan sí ínṣì méjì ti tó. Yanrìn tí ó bá jìn tí a kò sì rò yóò dúdú nísàlẹ̀, yóò sì máa rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Ẹ máa fi ìka tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Òfin karùn-ún: Ẹ rọra da omi. Ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ lé orí yanrìn, kí ẹ máa da omi lé orí àwo náà. Omi yóò tàn kálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, yanrìn kò sì ní dìde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òfin kẹfà: Ẹ ní sùúrù kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí yanrìn bá ṣì ń fò nínú omi, ẹ má tan án. Bí àpótí bá jẹ́ titun, tí ẹja kò tíì sí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tún mọ́. Èyí ni télọ̀ wa kò ṣe.

Òfin keje: Ẹ gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè, kí ẹ sì fi ìbòjú bò ó. Kí ẹnu ọ̀pá tí ń fa omi jìnnà sí yanrìn tó ínṣì mẹ́rin. Ẹ gé fóòmù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀ kí ó má yọ sí òdì kejì, kí ẹ fi bọ ẹnu ọ̀pá náà bí ẹni dé fìlà. Ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ kọ ojú rẹ̀ sókè, sí ojú omi, kí ó má bàa máa fẹ́ yanrìn ìsàlẹ̀. Ẹ gbé èèpo àgbọn tí ẹja yóò máa gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ. Ẹ gbé e sí igun kejì.

Òfin kẹjọ: Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ inú àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ rò yanrìn, bí ẹ bá fẹ́ ṣí òkúta nípò, bí ẹ bá fẹ́ fa ìdọ̀tí jáde, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú iná ná. Nígbà tí yanrìn bá ti sùn padà, kí ẹ wá tan án. Òfin yìí ń dá ẹ̀mí ẹ̀rọ sí, ó sì ń dá ẹ̀mí ẹ̀yin náà sí, nítorí iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ tún jẹ́ kí wáyà ẹ̀rọ tẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí ibi iná. Bí omi bá ń tọ wáyà bọ̀, ilẹ̀ ni yóò kán sí, kò ní wọ inú iná.

A fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tí ẹ bá ń nu díńgí nínú, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ fi ń nù ún kan yanrìn. Wóró kan ṣoṣo tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò ha díńgí, àpá náà kò sì ní parẹ́ mọ́.

6. Bí iná bá lọ

Àwa tí a ń gbé níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, a ní láti ṣọ́ra ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá lọ fún ìgbà díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá pẹ́ tó ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ yọ fóòmù kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ẹ fi sínú omi àpótí gan-an. Àwọn kòkòrò ọ̀rẹ́ wa yóò lè rí èémí díẹ̀ níbẹ̀ ju inú ẹ̀rọ tí a dé pa lọ. Ẹ má fún ẹja ní oúnjẹ títí iná yóò fi dé. Ẹ máa fi abọ́ bu omi àpótí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè díẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má dà á sórí yanrìn tààrà.

Ẹja àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kí ó mí atẹ́gùn tí àwa náà ń mí. Ẹja télọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú omi nìkan ni ó ti ń rí èémí rẹ̀. Ìdí nìyí tí òru kan ṣoṣo fi lè pa á.

Nígbà tí iná bá dé, ẹ má kàn fi púlọ́ọ̀gì bọ inú iná kí ẹ máa lọ. Bí ẹ̀rọ bíi garawa bá ti wà ní pípa fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ dà á nù kí ẹ tó tan án, kí oró rẹ̀ má bàa wọ inú àpótí. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ dúró tì í. Ẹ dẹtí. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá máa ń kùn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ń dún bí ọlọ, tàbí tí ó ń kùn ṣùgbọ́n tí omi kò jáde, ẹ yọ iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ óò tú u ní ọ̀la. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

7. Bí a ti ń tú ẹ̀rọ fọ̀

Bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ dún, ẹ máa tú u fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ tẹ̀lé e bí a ti kọ ọ́ yìí:

(a) Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú iná.
(b) Ẹ bu omi àpótí sínú garawa kan.
(d) Ẹ yọ fóòmù, kí ẹ fún un nínú omi garawa yìí títí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò fi dínkù. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí. Oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, yóò pa àwọn kòkòrò inú fóòmù.
(e) Ẹ ṣí ìdérí ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà. Ẹ rọra fa abẹ̀bẹ̀ àti òòfà jáde. Ẹ má fi agbára fà á, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ lè kán.
(ẹ) Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ nu òòfà, ọ̀pá àti inú ihò. Ẹ da omi mímọ́ gba inú ihò náà títí kò fi ní sí wóró kankan mọ́. Ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò.
(f) Ẹ wo ara òòfà. Bí ó bá ti ní ihà jíjìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí ọ̀pá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀rọ bóyá ó ní abẹ̀bẹ̀ nìkan. Fún oríṣi ẹ̀rọ kan, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Kò yẹ kí a ra odindi ẹ̀rọ nítorí ẹ̀yà kan.
(g) Ẹ dá ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi kún inú ẹ̀rọ kí ẹ tó tan iná. Ẹ̀rọ tí ó bá ń yí láìsí omi yóò gbóná, yóò sì jó.

Ẹ má fọ fóòmù, kí ẹ fọ yanrìn, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo omi ní ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti lé gbogbo kòkòrò ọ̀rẹ́ jáde nílé. Ìdá mẹ́rin kan omi ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí, ẹ gbé ẹnu rọ́bà sókè díẹ̀ sí yanrìn, bí ínṣì kan. Ìdọ̀tí fúyẹ́, yóò gòkè wá. Yanrìn wúwo, yóò dúró. Bí ẹ bá rí yanrìn tí ń gòkè, ẹ fi ìka tẹ rọ́bà, yóò padà sílẹ̀.

8. Télọ̀ wa lónìí

A lọ kí télọ̀ ní àìpẹ́ yìí. Yanrìn ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, ó funfun, ó mọ́. Fóòmù onátẹ́gùn ni ó ń lò nísisìyí, ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ sì wà lórí pẹpẹ lókè àpótí. Ó ṣì ní ẹ̀rọ òòfà kan, èyí tí ọmọkùnrin náà bá a tún ṣe. Ó ti dé fìlà fóòmù sí i lẹ́nu. Abo ẹja kan wà ní ẹnu èèpo àgbọn, inú rẹ̀ pọ́n. Bí a ti sún mọ́ díńgí ni ó yọ síta láti lé wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké ń rìn lórí yanrìn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé àjákọ kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí pẹ̀lú okùn. A ṣí i wò. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, nítorí pé òun náà ti lọ sí kíláàsì àgbà bíi tiyín. Ohun tí ó kọ kò ju báyìí lọ: ọjọ́ tí ó fọ fóòmù, ọjọ́ tí ó tú abẹ̀bẹ̀, ọjọ́ tí iná lọ àti ìgbà tí ó dé.

Ó ní, "Tẹ́lẹ̀, orí ni mo fi ń ránti, orí sì máa ń gbàgbé. Ìwé yìí kì í gbàgbé."

A bi í bóyá ó ti dárí ji yanrìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yanrìn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò mọ ibi tó yẹ kí n fi í sí."

Ìbéèrè

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé yín. Ẹ lè padà wo ẹ̀kọ́ náà.

1. Kí ni télọ̀ kò ṣe sí yanrìn kí ó tó dà á sínú àpótí?
2. Kí ni ìdí tí ẹ̀rọ fi kọ̀ láti dìde nígbà tí iná padà dé?
3. Iṣẹ́ méjì wo ni fóòmù ń ṣe?
4. Nínú oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin, èwo ni yanrìn ń tètè pa jù? Èwo ni kò ní abẹ̀bẹ̀ nínú omi?
5. Èéṣe tí a kì í fi omi ẹ̀rọ ìjọba fọ fóòmù?
6. Àpótí télọ̀ gba omi 80 lítà. Bí ó bá pààrọ̀ ìdá mẹ́rin kan, lítà mélòó ni yóò bù jáde?
7. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ kan wà ní ilé yín tàbí ní ibi iṣẹ́ yín tí eruku tàbí yanrìn lè bàjẹ́? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ óò tú u fọ̀.